Ìlẹ̀kẹ̀ Lábẹ́ Ẹ̀wù Ẹlẹ́wọ̀n: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ẹ̀tọ́ Ẹ̀sìn Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni wọ́n ní kí n wá sọ ní Ìjànìkin níbí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ wò ni mo fẹ́ ti gbé e: ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, tó ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, tó ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀sìn òun, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀, tó wá pe ìjọba lẹ́jọ́.

N óò bẹ̀rẹ̀ láti New York, nítorí pé nǹkan ilé wa ni wọ́n torí ẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ níbẹ̀. Ní 1994, adájọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan níbẹ̀ dá ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Campos v. Coughlin. Coughlin ni kọmíṣọ́nnà tó ń ṣàkóso gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà. Ẹlẹ́wọ̀n tó ń bọ òrìṣà ni àwọn tó pè é lẹ́jọ́. Santería ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn náà lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò ní kí ilé-ẹjọ́ dá àwọn sílẹ̀. Wọn ò ní ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún àwọn pọ̀ jù. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, pé kí ọgbà jẹ́ kí àwọn fi ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà àwọn sọ́rùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé òrìṣà mọ ohun tí mò ń wí. Funfun ni ti Ọbàtálá. Pupa àti funfun ni ti Ṣàngó. Ti Yemọja jẹ́ àwọ̀ aró, ti Ọ̀ṣun pọ́n bí idẹ, ti Èṣù jẹ́ pupa àti dúdú. A kì í kàn rà á lórí àtẹ ká fi sọ́rùn. Wọ́n á fi omi ewé wẹ̀ ẹ́, wọ́n á bọ ọ́, bàbálórìṣà tàbí ìyálórìṣà á wúre sí i kó tó fi í sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ gbà pé ó ń ṣọ́ òun. Bí wọ́n bá wá ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ọgbà, níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á jù láyé rẹ̀, ẹ mọ bí yóò ti rí lára rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ọgbà ní ìdí tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ tán. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n New York, àwọn ẹgbẹ́ ọmọọ̀ta máa ń fi àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ dá ara wọn mọ̀. Ẹni tó bá gbé àwọ̀ kan kọjá níwájú ọ̀tá lè gbọgbẹ́. Wọ́dà kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kò ráyè máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró láti bi í pé ti òrìṣà nìyí ni àbí ti ẹgbẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà tó wà níbí ti ń mi orí, pé òótọ́ ni.

Sonia Sotomayor ni adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Bronx ni wọ́n ti bí i, Puerto Rico ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, kò sì tíì pẹ́ tó dórí àga adájọ́ nígbà náà. Láti 2009 ló ti wà ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Kò sọ pé irọ́ ni ìjọba ń pa. Ohun tó wí ni pé, bó bá jẹ́ rírí tí àwọn yòókù ń rí ìlẹ̀kẹ̀ náà ló lè dá ìjà sílẹ̀, kí wọ́n wọ̀ ọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Ó pàṣẹ kí ọgbà gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Wọ́dà rí ààbò tó ń wá, olórìṣà sì rí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wọ̀.

Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn gan-an, nítorí pé kò sí ariwo nínú rẹ̀. Adájọ́ náà kò wádìí bóyá Ṣàngó wà tàbí kò sí. Kò bi wọ́n bóyá ẹ̀sìn wọn bá ti òun mu. Ó kàn béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí ìjọba lè gbà dáàbò bo ọgbà láìjẹ́ pé ó já ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ó sì rí i pé ọ̀nà náà wà.

Báwo ni ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe dé ọgbà ẹ̀wọ̀n ní New York? Ẹ̀yin ará etí òkun yìí ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún mi. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ wa kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, láti Èkó, láti Àgbádárìgì, láti Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa sínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn dé Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Wọ́n gba aṣọ lára wọn, wọ́n gba orúkọ lẹ́nu wọn, òrìṣà kò kúrò lọ́kàn wọn. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba ní 1959, ọ̀pọ̀ ará Kúbà sá lọ sí Miami àti New York, wọ́n sì gbé òrìṣà dání lọ. Ìjọ wọn kan ní Hialeah, lẹ́bàá Miami, tí Ernesto Pichardo ń darí, pe ìlú náà lẹ́jọ́ nítorí òfin tí wọ́n ṣe kí wọ́n má baà lè fi ẹran rúbọ. Ní 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ló fohùn ṣọ̀kan pé òfin náà kò dúró. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn ni ìdájọ́ ti ìlẹ̀kẹ̀ jáde. Àwọn tó gba ẹ̀sìn àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú láti etí òkun yìí ló dúró níwájú adájọ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi òfin ibẹ̀ gba ẹ̀tọ́ fún Ọbàtálá. Tí mo bá ń ronú nípa rẹ̀, orí mi a máa wú, ojú a sì máa tì mí fún àwa tá a kù sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹlẹ́wọ̀n Amẹ́ríkà ṣe rí ẹnu sọ̀rọ̀ nílé-ẹjọ́, nítorí pé kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Fún ọdún gbọọrọ, àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í dá sí ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi ọgbà. Ohun tí ọ̀gá ọgbà bá wí, abẹ gé e. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Cooper ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn yẹn. Ó ń ṣẹ̀wọ̀n ní Stateville, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú tí Elijah Muhammad ń darí. Ó ní òun fẹ́ ra Kùránì. Wọ́n kọ̀ fún un. Ó pe ọ̀gá ọgbà, Pate, lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ kékeré da ẹjọ́ rẹ̀ nù, ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da á nù pẹ̀lú. Ní 1964, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní, ó tì o, ẹ gbọ́ ọkùnrin yìí. Ìdájọ́ náà kúrú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí kò tíì padé títí di òní.

Òfin tí Cooper fi pẹjọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1871 ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, láti gba àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú lọ́wọ́ àwọn Ku Klux Klan, àti lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ tó ń dijú sí ìwà wọn. Ó sùn sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Cooper wà lára àwọn tó tún wá lò ó, láti inú yàrá ẹ̀wọ̀n.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹlẹ́wọ̀n ń borí. Ní 1987, àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣẹ̀wọ̀n ní New Jersey ní kí ọgbà jẹ́ kí àwọn máa kírun Jímọ̀. Iṣẹ́ ìta ni wọ́n máa ń rán wọn lọ ní ọ̀sán, ọgbà sì ní kò sí ọ̀nà tí àwọn lè gbà máa kó wọn wọlé ní àárín ọjọ́. Adájọ́ márùn-ún gbè sẹ́yìn ọgbà, mẹ́rin gbè sẹ́yìn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà níbí mọ̀ pé Jímọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sún di ọjọ́ Sátidé. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn kò dára. Àwọn aṣòfin wọn náà kò gbà kí ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Òfin kan jáde ní 1993, òun ni Sotomayor gùn lé nínú ẹjọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ní kò lè mú àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n ṣe òmíràn ní 2000, tó dárúkọ ẹlẹ́wọ̀n ní tààrà. Kókó rẹ̀ ni pé bí ọgbà bá fẹ́ dí ẹ̀sìn ènìyàn lọ́wọ́, ọgbà ni yóò sọ ìdí tó lágbára, òun náà ni yóò sì fi hàn pé kò sí ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin 2000 yìí ni Gregory Holt lò. Ẹlẹ́wọ̀n ni ní Arkansas. Abdul Maalik Muhammad ni orúkọ Mùsùlùmí rẹ̀. Ó fẹ́ dá irùngbọ̀n sí. Ọgbà ní irùngbọ̀n léèwọ̀, àfi ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ ń yún, ìyẹn lè dá ìdámẹ́rin íǹṣì sí. Holt ní, ó dáa, òun náà kò ní béèrè ju ìdajì íǹṣì lọ. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ó lè fi abẹ, abẹ́rẹ́ tàbí káàdì fóònù pamọ́ sínú ìdajì íǹṣì irun. Ó mú bírò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ láti inú ẹ̀wọ̀n. Ní ogúnjọ́ oṣù Kìíní 2015, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dá a láre. Samuel Alito ló kọ ìdájọ́ náà, ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀rẹ́ ọ̀daràn. Ó béèrè pé irun orí ńkọ́? Irun orí gùn ju ìdajì íǹṣì lọ, ó rọrùn láti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ ju irùngbọ̀n lọ, kí ló dé tí ọgbà kò fá orí gbogbo wọn? Ó tún ní ó lé ní ogójì ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gba irú irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀ láyè, ọgbà wọn kò sì tíì wó.

Mo dúró lórí Holt nítorí ohun kan. Ọ̀ràn tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n kò dára rárá, ìwà ipá ni. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ fi í ṣe àna nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó gbà jáde, gbogbo ẹlẹ́wọ̀n Amẹ́ríkà ló ń jẹ nínú rẹ̀, títí kan ẹni tí wọ́n ṣì í mú.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ti Damon Landor, nítorí pé òun ló dùn mí jù. Rasta ni. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ Násírì, irú èyí tí Sámúsónì wà lábẹ́ rẹ̀ nínú Bíbélì, pé abẹ kò ní kan orí òun. Ó tó bí ogún ọdún tí irun rẹ̀ fi dàgbà, ó gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé eékún. Ẹ̀wọ̀n oṣù márùn-ún ni wọ́n dá fún un ní Louisiana. Ní 2020, nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó jáde, wọ́n gbé e lọ sí ọgbà mìíràn. Landor mọ̀ pé wọ́n lè fẹ́ fá orí òun, ó ti mú ìdájọ́ kan dání, tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ní 2017, pé ìpínlẹ̀ Louisiana kò gbọdọ̀ gé irun Rasta. Ó fi ìwé náà lé wọ́dà lọ́wọ́. Wọ́dà jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ àga, méjì di í mú, wọ́n sì fá gbogbo orí rẹ̀ kodoro.

Àwa tá a ń bí ọmọ dàda, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Ẹni tó bá mú abẹ sí orí ọmọ dàda láìsọ fún ìyá rẹ̀, láìṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ó mọ ilé tí yóò sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Landor pẹjọ́. Àwọn adájọ́ bínú sí ohun tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìdájọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin 2000 kò fàyè gba kí wọ́dà san owó ìtanràn láti inú àpò ara rẹ̀. Àṣẹ “ẹ má ṣe é mọ́” nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún ẹni tí wọ́n ti fá lórí, tó sì ti kúrò lẹ́wọ̀n? Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n sì gbọ́ tẹnu àwọn lọ́yà ní oṣù Kọkànlá 2025. Ní ti èmi, ẹ̀tọ́ tí kò sí owó ìtanràn lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí wọ́dà lè jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Lórí èyí, òfin tiwa ní Nàìjíríà sàn ju tiwọn lọ, bí n óò ti sọ láìpẹ́.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín. Ẹnì kan á ní: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó digun jalè, ẹni tó pànìyàn, kí ló tún kàn án kan ẹ̀tọ́?” Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àánú dáhùn. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin ìpilẹ̀ 1999.

Orí Kẹrin ni ẹ̀tọ́ wa wà. Abala 33 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí. Ojú ẹsẹ̀ ló yọ ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún sílẹ̀. Abala 34 ní wọn ò gbọdọ̀ fi túláàsì mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ó tún yọ iṣẹ́ tí ilé-ẹjọ́ bá fi ṣe ìjìyà sílẹ̀. Abala 35 fún wa ní òmìnira ara. Ó yọ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ẹ wá ka abala 38, tó sọ̀rọ̀ òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, pé oníkálukú lè ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀. Wọn ò yọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kọ òfin náà kò gbàgbé pé ẹlẹ́wọ̀n wà láyé, abala mẹ́ta ni wọ́n ti rántí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀sìn kò sí nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, abala 45 gbà kí ìjọba dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò, ìlera, ìwà ọmọlúàbí àti ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin ni abala náà ní kí wọ́n fi dín in kù, òfin tó bọ́gbọ́n mu nínú ìjọba tiwantiwa. Kò sọ pé ohun tó bá wu ẹni tó wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà.

Àwọn adájọ́ wa náà ti sọ̀rọ̀. Peter Nemi wà nínú àwọn tó ń dúró de okùn, wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún un nítorí ìdigunjalè. Ó pe ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́jọ́, pé ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi dá òun dúró nínú ìbẹ̀rù ikú jẹ́ ìyà tí kò yẹ ènìyàn. Ìbéèrè tó dé Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Èkó ni pé ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì ní ẹ̀tọ́ tó lè torí ẹ̀ pẹjọ́? Ní 1996, wọ́n ní ó ní. Bí ẹni tí ìjọba fẹ́ pa bá ní ẹ̀tọ́ títí okùn yóò fi dé ọrùn rẹ̀, ẹni tó ń ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì nítorí fóònù tó jí ńkọ́? Ní 2001, ilé-ẹjọ́ wa tó ga jùlọ tún gbé abala 38 ga nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, nígbà tí aláìsàn kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Wọ́n ní ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ni, kí dókítà bọ̀wọ̀ fún un. Ní oṣù Kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ kan náà dá àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ilé-ìwé ìjọba Èkó láre lórí ìjáàbù. Òkúta ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tó máa kọ́lé lé e ló kù.

Kí ló dé tí a kò tíì rí i? Ìdí kan ni pé, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, Kìrìsìtẹ́nì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí ní mọ́ṣáláṣí. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ ń rí àwọn ọkọ̀ ìjọ tó ń gba ojú ọ̀nà Àgbádárìgì lọ, wọ́n kó búrẹ́dì àti ọṣẹ lọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà. Iṣẹ́ rere ni, Ọlọ́run á san án fún wọn. Àwọn àáfà náà ń lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti yanjú nínú ọgbà. Mo bẹ̀ yín, ta ni babaláwo ọgbà? Bí ọmọ Ọ̀ṣun bá wà níbẹ̀, ta ló ń gbé omi tútù àti obì lọ fún un?

Ní ilẹ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ ti wá ni mo ti ń bi yín. Ní ọdọọdún, ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, àwọn ìpínlẹ̀ wa kan, Èkó pẹ̀lú, sì ti fún un ní ìsinmi. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ońdè sápá dé ẹnu géètì ọgbà, oògùn ni wọ́n máa pè é, wọ́n á já a dànù, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa sá fún un. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba wọ́dà. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Nínú oṣù Kẹjọ 2023 kan náà tí wọ́n ń ṣe ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní Èkó, wọ́n mú oníṣẹ̀ṣe kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Taní Ọlọ́run ní Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí ayélujára nípa ẹ̀sìn, ó sì lé ní oṣù mẹ́ta tó fi wà ní àtìmọ́lé. Ẹ lè má fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àwọn míì nínú rẹ̀ ò dùn mọ́ èmi náà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò ni pé oníṣẹ̀ṣe lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn odi nítorí ẹ̀sìn gan-an, kí ẹ̀sìn náà má sì rí ibi jókòó sí níbẹ̀.

Kí àwọn Kìrìsìtẹ́nì má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Ní 1932, Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà mì gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n ní ìlú Benin, lábẹ́ ìjọba òyìnbó tó ń pe ara rẹ̀ ní Kìrìsìtẹ́nì.

Àwọn kan á tún fi ìlà kẹrin abala 38 dẹ́rù bà wá, èyí tó ní ẹ̀tọ́ yìí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ìlẹ̀kẹ̀ Ọbàtálá kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Obì kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Mi ò sì ní kí ọgbà gbà kí wọ́n mú ọ̀bẹ wọlé láti fi pa ajá fún Ògún; adájọ́ tó bá gba ìyẹn láyè kò mọ ohun tí ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́. Obì àti omi tútù, ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù, àgbà kan tí ọgbà fọwọ́ sí tó lè wọlé wá lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, àwọn wọ̀nyí kò lè wó odi kankan. Àgbà náà gan-an ni yóò ran ọgbà lọ́wọ́, nítorí pé òun ló lè wò ó, kó sọ pé èyí jẹ́ ti òrìṣà, èyí kì í ṣe tiwa. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní orúkọ Nelson Mandela ní 2015 ti sọ bẹ́ẹ̀: bí àwọn ẹlẹ́sìn kan bá pọ̀ tó nínú ọgbà, kí wọ́n fọwọ́ sí aṣojú ẹ̀sìn náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ní 2009, Adájọ́ Àgbà Idris Kutigi gbé ìlànà tuntun jáde lórí bí a ṣe ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní kí ilé-ẹjọ́ ṣílẹ̀kùn fún tálákà, fún aláìmọ̀wé, fún ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Ó dárúkọ wọn. Ó ní ẹlòmíràn lè pẹjọ́ ní orúkọ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ dù, kí ilé-ẹjọ́ má sì lé e padà pé kí ló kàn án. Ó ní ọjọ́ kò lè pẹ́ jù lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá ti gbé ìwé wọlé ló yẹ kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Adájọ́ sì lè ní kí wọ́n san owó ìtanràn, ohun tí Landor ń wá kiri ní Amẹ́ríkà. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni láti Ìjànìkin rìnrìn-àjò lọ sí Ìkẹjà tàbí Èkó. Ilé-ẹjọ́ Gíga wà ní Àgbádárìgì. Ẹ̀ka òfin Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà ní Ọ̀jọ́, ọkọ̀ kan péré ni láti ibí.

Ohun mìíràn tún yí padà. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n tún òfin ìpilẹ̀ ṣe, tó fi jẹ́ pé ìpínlẹ̀ pẹ̀lú lè dá ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ kó sì ṣòfin lé e. Bí Ilé Aṣòfin Èkó bá ń kọ òfin yẹn, kí àwọn oníṣẹ̀ṣe má jókòó sílé retí kí wọ́n rántí wọn. Kí wọ́n gbé ìwé lọ, kí wọ́n béèrè fún aṣojú ẹ̀sìn mẹ́ta. Kí àwọn pásítọ̀ àti àáfà tó mọ ọ̀nà ọgbà fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú wọn. Mo sọ èyí níwájú yín, nítorí pé ẹ̀yin lẹ̀ ń wọlé síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń rí ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá ń gbàdúrà.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tá a nílò kò gùn. Orúkọ ẹlẹ́wọ̀n náà, ọgbà tó wà, ẹ̀sìn rẹ̀, ohun tí wọ́n gbà tàbí tí wọ́n fi dù ú, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìdí tí wọ́n sọ fún un, àti ohun tó fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ ṣe. Abala 38, àti abala 46 tó fún wa láyè láti pẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ wa, ni yóò dúró lé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́wọ̀n, tí wọ́n dí ẹ̀sìn rẹ̀ lọ́wọ́, ìbáà ṣe Kìrìsìtẹ́nì, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe oníṣẹ̀ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìjókòó yìí. Mo ti bẹ lọ́yà méjì kí wọ́n bá mi wá, wọ́n jókòó sí ìlà iwájú yìí, wọ́n mú ìwé àti bírò dání, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.